Àwo Oúnjẹ Daddy Wọn

Mò ń retí bọ́ọ̀sì Thamesmead ní Beresford Square nílùú òyìnbó nígbà tí ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì bi ìyá tó dúró níwájú mi pé:

"Auntie, ẹ ṣì lọ sí picnic yín lọ́dún yìí, níbi festival tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́bàá lake tí òtútù bá ti lọ?"

"Mo lọ. Ṣé torí pé Daddy wọn lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn n'Íbàdàn ni mi ò ṣe ní kó àwọn ọmọ jáde? Mo tẹ́ ẹní sábẹ́ igi wa. Bí mo ṣe ṣí cooler, oúnjẹ Daddy wọn lọwọ́ mi kọ́kọ́ bù. Mo fi ẹran ńlá sí i, mo dé e."

"Ha, Auntie!"

"Mi ò mọ̀gbà tí mo ṣe é. O ṣáà mọ̀ pé nílé wa, kò sẹ́ni tó ń jẹun ṣáájú Daddy. Àwọn ọmọ tí kì í kúnlẹ̀ kí mi mọ́, tó jẹ́ òyìnbó ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìrẹsì nínú wọn."

"Ẹ ò ní kí wọ́n máa jẹun?"

"Ẹnu mi ò gbà á. Gbogbo wa jókòó, à ń dúró de ẹni tí kò ní wá, títí oúnjẹ fi tutù."

"Àwo rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà ní fridge."

"Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín dà á nù."

Ìyá náà yíjú sí ojú títì. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́ ọ.

"Bó bá dé ńkọ́?"