Àgbébọ̀ Ọmọ Òrukàn

Àsàlámù àlékùm o, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́hun. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún síwájú díẹ̀, ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbọ́ láti òkèèrè. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó dá àwa àti ẹran ọ̀sìn wa. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa, ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ ibi tí mo gbà wọlé? Ànábì tí à ń tọ́ ipasẹ̀ rẹ̀, ọmọ òrukàn ni! Ọ̀rọ̀ dúkìá ọmọ òrukàn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Inú ń bí mi bí mo ṣe dúró yìí, n ò sì ní purọ́ fún yín pé kò bí mi.

Ọlọ́hun sọ nínú Súrátù Nisáì pé àwọn tó ń fi àbòsí jẹ dúkìá ọmọ òrukàn, iná ni wọ́n ń jẹ sínú ikùn ara wọn. Iná! Kò sọ pé ó di ìgbà tí dúkìá náà bá tó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò sọ pé ó di ìgbà tó bá tó oko kòkó. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ohun kékeré kì í jóni, báwo ni ìṣáná ṣe tóbi tó?

Ẹ gbọ́ ìtàn kan.

Ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìwó (n ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ má wo ẹnu mi), ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Alàájì Sùbérù, ó ń ta sìmẹ́ńtì àti páànù. Iwájú ló máa ń dúró sí ní mọ́ṣáláṣí. Bí o bá pẹ́ dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wàá máa wò títí tí wọn yóò fi sálámà. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Mọ́ínì, tó jẹ́ télọ̀, kú lójijì. Ó fi ìyàwó sílẹ̀, Àwáwù, àti ọmọbìnrin kan, Múlíkátù, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hù padà.

Kí ni Mọ́ínì ní tí ó fi sílẹ̀ fún ọmọ? Àgbébọ̀ adìyẹ kan. Òpìpì ni, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ kò kún, tí kò lè fò. Lọ́jọ́ tí Múlíkátù ka Kùránì dé Yáàsíìn ni bàbá rẹ̀ gbé adìyẹ náà lé e lọ́wọ́, ó ní, “Tìrẹ ni, àti òun àti ohun tó bá pa.” Gbogbo ilé gbọ́. Sùbérù náà gbọ́, ó tiẹ̀ ṣe àmín sí i, ó nà án jáde dáadáa.

Nígbà tí Mọ́ínì kú, adìyẹ náà ń sàba lọ́wọ́. Inú agbọ̀n kan tó ti ya ni wọ́n kó koríko gbígbẹ sí fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Múlíkátù á gbé omi àti èérí ọkà lọ síwájú rẹ̀, nítorí adìyẹ tó ń sàba, ebi lè gbẹ ẹ́ mọ́ orí ẹyin kó má dìde. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ nawọ́ sí i, á wú, á máa kùn, á ṣá yín lọ́wọ́. Ẹran tí kò dé ilé kéwú rí! Ó mọ̀ pé ohun tó wà lábẹ́ òun, òun ni Ọlọ́hun ní kí òun ṣọ́ ọ. Ẹran mọ̀, Alàájì ò mọ̀.

Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ òkú, Sùbérù wọlé, ó ní kí wọ́n mú adìyẹ náà wá, kí wọ́n pa á fún àwọn alfa. Àwáwù tó wà nínú tákàbà ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀.

“Alàájì, ẹ dákun, ó ń sàba ni. Ti Múlíkátù sì ni.”

Sùbérù bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ adìyẹ. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀: bí a bá pa á lónìí, ìkòkò ọbẹ̀ kan ni. Bí a bá fi í sílẹ̀ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. “Kò burú. Ẹ jẹ́ kó pamọ ná.”

Obìnrin yẹn dúpẹ́ dúpẹ́, ó gbàdúrà fún un. Ó rò pé àánú ni. Àánú kọ́, ẹ̀yin ará! Ìwọra tó ní sùúrù ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹkùn ṣe máa ń ní sùúrù.

Adìyẹ pamọ. Òròmọdìyẹ ń ké ṣíoṣíó kiri àgbàlá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Múlíkátù á lọ fọ́ òkìtì ikán lẹ́yìn ilé, á gbọn ikán sórí páálí, á gbé e fún wọn. Àṣá já wálẹ̀ lọ́jọ́ kan. Òpìpì tí kò lè fò, ó fò mọ́ ọn! Ó gbá a láyà, àṣá fi ọmọ sílẹ̀, ó sá lọ. Àrùn lúkúlúkú tún dé, ó pa adìyẹ gbogbo àdúgbò, wọ́n ń kó wọn dà sí ààtàn. Ti Múlíkátù kò kú. Ó ti tì wọ́n mọ́lé ìdáná, ó ń fọ abọ́ omi wọn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kò jẹ́ kí wọ́n bá adìyẹ ẹlòmíràn pàdé. Ta ló kọ́ ọ? Bàbá rẹ̀ tó kú ni.

Wọ́n dàgbà. Àkùkọ ibẹ̀ ń dán, àwọn abo rẹ̀ sanra. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti lé ọmọ náà wálé láti iléèwé nítorí aṣọ tó gbó mọ́ ọn lára. Ìyá rẹ̀ ní, “Fara balẹ̀. Bí ọjà Iléyá bá dé, a ó ta akọ díẹ̀, a ó fi rán aṣọ.” Ọmọ fara balẹ̀.

Kí Iléyá tó dé, àwọn èèyàn mọ́ṣáláṣí ní àwọn fẹ́ wé láwàní fún Sùbérù, kó jẹ Bàbá Àdínnì. Ẹ gbọ́ oyè o! Bàbá fún ẹ̀sìn! Inú Sùbérù dùn, kò lè sùn. Ó ra màálù. Ìyàwó rẹ̀, Sàbítíyù, gbọ́ tó tún ń pe àwọn ọmọkùnrin tí yóò mú adìyẹ.

“Alàájì, màálù yẹn ò ha tó? Adìyẹ ọmọ Mọ́ínì mà ni.”

“Àwọn alfa ńlá fẹ́ràn adìyẹ ìbílẹ̀. Ta ló ń bọ́ ọmọ Mọ́ínì? Nínú ilé ta ló ń sùn? Bí mo bá jẹ adìyẹ nínú ilé mi, olè ni wọ́n ń pè é?”

Ẹ̀yin ará, ẹ wò ó dáadáa. Kò sí olè kan láyé tí kò ní àlàyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ láwàní náà, ìgbà tí Múlíkátù wà ní ilé kéwú, ni àwọn ọmọkùnrin náà wọ àgbàlá. Wọ́n mú gbogbo wọn. Òpìpì náà tún ti ń sàba nígbà yẹn. Wọ́n fà á kúrò lórí ẹyin tó ti di ọmọ nínú, ẹyin fọ́, ọmọ inú rẹ̀ ń mí lórí koríko. Àwáwù ké. Sùbérù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ kí n dà ọ́ síta níṣojú àlejò ni?”

Ọ̀sán pọ́n, àwọn èèyàn ńlá jókòó sórí ẹní, àwo ń kọjá. Lèmọ́mù wọn, Alfa Núhù, arúgbó ọlọ́wọ̀, ti mú itan kan, kò tíì fi kan ẹnu. Ibẹ̀ ni Múlíkátù wọlé sí. Ó ti rí òkìtì ìyẹ́ lẹ́yìn ilé. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, ó ní:

“Bàbá Alàájì, àwọn adìyẹ mi dà?”

Ẹnu tó ń jẹ dúró. Sùbérù rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ yìí! Ẹ fún un ní ẹran.” Ẹnìkan fi ẹran kan lé e lọ́wọ́. Ọmọ wo ẹran. Ó wo ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

“Bàbá mi ní tèmi ni. Ẹ̀yin náà ṣe àmín.”

Ó rọra gbé ẹran náà sórí ẹní, ó jáde.

Alfa Núhù dá itan padà sínú àwo. “Sùbérù, òótọ́ ni?”

“Alfa, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ọmọ mi náà ṣáà ni.”

“N ò bi ọ́ pé ọmọ ta ni. Adìyẹ ta ni mo bi ọ́.”

Sùbérù ń nu ìka. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gbà á: “Tirẹ̀ ni, mo ṣẹ̀.” Kò sọ ọ́. Alfa Núhù fọ ọwọ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Àwọn tó kù ńkọ́? Àwọn tó há Kùránì sórí, àwọn tó lọ Mẹ́kà? Ṣé wọ́n dìde? Ṣé wọ́n fọwọ́? Wàláhì, ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sí àwo Alfa Núhù, wọ́n pín èyí tó fi sílẹ̀! Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n rún eegun rẹ̀, wọ́n wé láwàní fún Sùbérù, wọ́n kábárà pé Ọlọ́hun tóbi. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín? Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ tiyín ná.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Àwáwù di ẹrù rẹ̀, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé bàbá tó bí òun ní Èjìgbò. Múlíkátù kò bá wọn ké Yáàsíìn mọ́. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ sí ilé kéwú, ó ní, “Ìyá mi, àwọn tó ti kà á tán ló jẹ adìyẹ mi.” Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ọmọdé jáde! Ta ni yóò dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ Àlùkíyámọ̀?

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, àìsàn gbé Sùbérù dè. Kò lè jẹun, kò lè dá yí ara padà. Sàbítíyù ti bí ìbejì fún un lọ́jọ́ ogbó, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé nínú yàrá. Sùbérù ń wò wọ́n láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bi ara rẹ̀ pé: bí mo bá kú, ta ni mo fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ fún?

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí i, àwọn tó jókòó sórí ẹní lọ́jọ́ náà. Èyí tó jẹ́ olórí wọn fi ẹnu sí i létí, ó ní, “Bàbá Àdínnì, ẹ má dààmú. Ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀, àwa wà níbẹ̀. Ọmọ yín, ọmọ wa náà ni.”

Ọmọ yín, ọmọ wa náà ni! Sùbérù wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ wọ́n. Ó ti rí i bí wọ́n ṣe ń rún eegun. Ẹ̀rù bà á ju ikú lọ. Ó kọjú sí ògiri, ó sunkún, wọ́n rò pé ara ló ń ro ó.

Ọlọ́hun Aláàánú fún un ní ìlera. Nígbà tó lè jókòó sínú ọkọ̀, ó ra adìyẹ, àkùkọ àti àgbébọ̀, ó kó wọn sínú agbọ̀n, ó gba Èjìgbò lọ. Múlíkátù ló bá lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ga.

“Ọmọ mi, mo kó adìyẹ rẹ wá. Forí jì mí.”

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i. “Ẹ ṣé, Bàbá Alàájì. N ò fẹ́ adìyẹ. Iwájú àwọn tó bá yín jẹ ẹ́ ni kí ẹ ti sọ pé tèmi ni.”

“Hà! Èèyàn ńlá ni wọ́n. Ojú á tì mí.”

Àwáwù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, “Ojú ti ọmọ mi níwájú wọn, Alàájì. Kò pa á.”

Sùbérù gbé agbọ̀n rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, iwájú náà ló tún dúró sí, láwàní lórí. Títí di òní, kò tíì sọ ọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ohun tó wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́hun, tọrọ àforíjì, Aláforíjì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà láàárín ìwọ àti ọmọ òrukàn, ìrun òru kò san án, Mẹ́kà kò san án. Lọ bá ọmọ náà! Ibi tí o ti dójú tì í ni kí o ti gbé ojú rẹ̀ padà fún un. Ìwọ tí wọ́n sì gbé àwo síwájú rẹ, tí o mọ ilé tí ẹran ti wá, tí o ní kì í ṣe ìwọ lo pa á: ìwọ ni mò ń bá wí jù.

Ọlọ́hun, má jẹ́ ká fi ìrun wa bo olè jíjà mọ́lẹ̀. Fún wa ní ẹnu tí yóò sọ òtítọ́ nígbà tó bá máa ná wa ní oyè. Dáàbò bo ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé, má sì fi ọmọ tiwa lé ọwọ́ irú àwa. Àmín, yáà Ọlọ́hun.