Ẹja Tó Lúwẹ̀ẹ́ Lọ Sílé Onílẹ̀

Alága wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Baba Adéòjó, olórí ẹbí tó fún kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ yìí nílẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin àlejò tó ti Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wá, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Mùlíkátù, olùkọ́ ẹja, ló ń fẹ̀yìntì lónìí, ẹ má sì retí pé n ó sunkún.

Ẹ wo àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí. Ta ni yóò gbà pé abẹ́ igi kajú la ti bẹ̀rẹ̀? Bí òjò bá ṣú, Ọ̀gbẹ́ni Bólúwadúró, olùkọ́ ọ̀sìn adìẹ, á kó akẹ́kọ̀ọ́ wọnú ilé adìẹ, wọn á máa kọ̀wé, adìẹ á máa dá wọn lóhùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, Bólúwadúró, ẹ̀yin lẹ ní adìẹ ń gbọ́ ẹ̀kọ́ ju àwọn ọmọ lọ.

Nígbà tí Baba fún wa nílẹ̀, àṣà ẹbí wọn ni wọ́n sọ fún wa: ẹni tó bá gba ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìkórè àkọ́kọ́ bọ́ onílẹ̀ kí ọdún tó yí po, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ á padà sọ́wọ́ ẹbí. Mo ní ìyẹn ò le. Mo gbẹ́ adágún ẹja nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo da ọmọ àrọ̀ sí i. Ta ló ń gbẹ́ adágún sí ẹsẹ̀ ọ̀sà láì ro ti òjò? Èmi náà ni. Ó ku díẹ̀ ká kó ẹja, omi bo adágún, gbogbo àrọ̀ mi, tí kò lẹ́sẹ̀, bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Ọdún ti fẹ́ yí, ẹ̀gẹ́ wa ò tíì ta, adìẹ ò tíì yé. A lọ bẹ Baba. Bí ilẹ̀ bá lọ, kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ nìyẹn. Àfi bí a ṣe bá gbogbo agbo ilé nídìí àrọ̀ yíyan, èyí tí wọ́n fi àwọ̀n kó nínú ọ̀sà ẹ̀yìn ilé wọn.

Baba ní, “Mùlíkátù, jókòó, kí o jẹun. Ẹja ọ̀sà kì í sanra tó báyìí, ìwọ lo bọ́ wọn. Ìkórè àkọ́kọ́ yín ti dé, òun fúnra rẹ̀ ló lúwẹ̀ẹ́ wá. Ẹ máa lo ilẹ̀ yín.”

Ọjọ́ náà ni mo ti sunkún ayọ̀ mi tán, ìdí nìyí tí kò fi ṣẹ́ kù fún òní. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Baba, mo dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnu mi mú. Ẹni tí mo bá lé jáde nítorí pé ó gbàgbé láti bọ́ ẹja, kó forí jì mí, kó sì lọ bọ́ ẹja.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí máa gbòòrò, kí iṣẹ́ ọwọ́ yín máa mérè wá, kí gbogbo yín dàgbà dógbó. Ibeshe nilé mi, lẹ́bàá ọ̀sà. Bí omi bá tún bo adágún yín, ẹ má bẹ̀rù, n ó ti gbé ìkòkò kaná. Ẹ ṣé o.