Ìgò Tí Wọ́n Fi Dá Sìdíkátù Dúró Lọ́nà Mẹ́kà

Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Òwe àwọn baba wa nìyẹn, òótọ́ sì ni, àfi lórí ọ̀ràn Hàbíbátù ìyàwó Nùrẹ́nì oníṣìmẹ́ǹtì ní Ìkọ̀tún. Ní tirẹ̀, ẹni tó kó o kò mọ ẹni tó yà á. Ẹni tó yà á ni kò rí i gbàgbé. Bí ẹni tí eegun ẹja há sí lọ́fun ló ṣe ń gbé e kiri: ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń lọ òde, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé eegun wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó gbọ́ pé Sìdíkátù, tí wọ́n jọ gbé ilé kan rí ní Òkè-Odò, ti ń lọ káàkiri tọrọ àforíjì nítorí ìrìn-àjò Mẹ́kà, ó kírun òwúrọ̀ tán, ó jókòó pẹ́ lórí ẹní, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé, “Bó bá dé ọ̀dọ̀ mi, òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde.”

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀, ẹni tó bá ń lọ sí Mẹ́kà, kì í ṣe ìwé nìkan ló ń wá. Pásípọ́ọ̀tù ní wàhálà tirẹ̀, físà ní tirẹ̀, káàdì abẹ́rẹ́ aláwọ̀ ìyeyè ní tirẹ̀, bó bá sì jẹ́ obìnrin, àfi kó ní ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí yóò mú un lọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo èyí bá pé tán, ó ku ọ̀kan tí kò sí ọ́fíìsì tó ń tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀. Arìnrìn-àjò náà gbọ́dọ̀ lọ bá ẹbí, ará àti aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó kúnlẹ̀, kí ó ní, “Bí mo bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ foríjì mí.” Ẹni tó bá gbé ẹ̀ṣẹ̀ ọmọnìkejì dání lọ sí Ilé Ọlọ́run, ẹrù ló gbé lọ, ẹrù náà ni yóò gbé bọ̀.

Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ni. Owó epo ṣì wà nílùú, ilé ń yọ bí olú láti Ìgandò títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, sìmẹ́ǹtì Nùrẹ́nì ń tà bí iyọ̀. Inú ilé tuntun ni Hàbíbátù wà, lórí tẹràsò tó ń dán, nígbà tí Sìdíkátù wọlé lẹ́yìn ìrun alásárì pẹ̀lú Sàlàkọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni, ó wúwo bí àpò gàrí.

“Alhaja, ẹ ò rí apá mi bí?” Bó ṣe wọlé nìyẹn. “Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi, apá wú bí iṣu. Mi ò lè gbé apá yìí kí èèyàn, ẹ má bínú.”

“Ṣé fótò ti yọ?” ni Hàbíbátù bi í, ó ń gbé omi fún un.

“Ẹ fi onífótò yẹn sílẹ̀ jàre. Ó ní kí n ṣí etí. Mo ní ṣé etí ló ń lọ sí Mẹ́kà ni àbí èmi? Ó ní àwọn onílẹ̀ lọ́hùn-ún fẹ́ rí etí. Mo ṣí i fún un ṣá. Mo wá jọ ewúrẹ́ tí wọ́n fà létí kúrò nídìí ẹ̀gẹ́.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Sìdíkátù tú ọmọ sílẹ̀, ó mu omi, lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá ti ṣẹ̀ yín lójú, bí mo bá ti ṣẹ̀ yín lẹ́yìn, ẹ foríjì mí nítorí Ọlọ́run. Mo ń bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, mi ò rò pé n ó lọ mọ́. Ọ̀la ni wọ́n ní kí n wá tọ̀ sí ìgò. Ìgò yẹn ni mi ò lè dúró níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú mi rí níjọ́sí. Ara tó gbé ọmọ, tó sì jẹ ẹ́ mọ́ inú, mi ò fẹ́ kí dókítà kankan tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn, ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí?”

Hàbíbátù sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó kúnlẹ̀ sórí tẹràsò, ìkúnlẹ̀ sì kan ìkúnlẹ̀.

“Sìdíkátù, dìde. Kì í ṣe ìwọ ló yẹ kó kúnlẹ̀. Àtọ́kẹ́ ọmọ Ajílété, ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ru ẹrù tó ju ti òmìrán lọ, jókòó kí o gbọ́ ẹnu mi. Bí mo bá dákẹ́ lónìí, mi ò tún ní lè sọ ọ́ mọ́, n ó gbé e wọ sàréè ni.

“O rántí ọdún Údójì, tí ìjọba fowó kún owó oṣù, tí èmi àti ìwọ jọ ń múra Mẹ́kà. Oyún ti wà nínú mi nígbà náà. Mo mọ̀. Òórùn sìmẹ́ǹtì lára ọkọ mi ń rìn mí, mo ń lọ bì sẹ́yìn ilé, mo ń sọ pé ẹ̀wà ló bà mí nínú jẹ́. Mi ò sọ fún ẹnì kan. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa pé àwọn onílẹ̀ kò gba aboyún, pé ẹni tí oyún bá hàn nínú ìtọ̀ rẹ̀, kò sí físà fún un lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti lọ ṣáájú mi. Mo ti rán aṣọ funfun. Àwọn ará àdúgbò ti ń fi ẹ̀rín pè mí ní Alhaja, orúkọ náà sì ti bá mi lára mu. Èmi tí mo ti bí ọmọ mẹ́rin, kí ni mo tún ń lé? Ariwo yẹn ni mo ń lé. Ojúkòkòrò ni, kì í ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró pa á fún ọ.

“A tọ̀ sí ìgò tán ní kílíníìkì ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ti kọ orúkọ wa sórí pílásítà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò. Ìlà ṣì gùn níwájú wa. Bí wọ́n ṣe pe ìrun ọ̀sán ní mọ́sáláṣí ẹ̀yìn ibẹ̀, ìwọ wo ọwọ́ rẹ, o ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mú un dání, mi ò lè gbé ìtọ̀ wọ mọ́sáláṣí. Bí mo bá kírun tán, èmi náà á gba tiyín mú.’ O lọ ṣe àlùwàlá. Ẹni tó ń sá fún ìdọ̀tí nítorí Ọlọ́run ni ọ́. Èmi tí mo dúró, ìdọ̀tí méjì ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì fi ìkẹta kún un. Omi ti rin pílásítà náà. Mo fi èékánná kàn án báyìí, ó ṣí. Mo mú tìrẹ lẹ̀ mọ́ tèmi, mo mú tèmi lẹ̀ mọ́ tìrẹ. Nígbà tí o dé, o gba ìgò méjèèjì lọ́wọ́ mi, o ṣàdúà fún mi pé Ọlọ́run á bá mi gbé ẹrù tèmi náà. Èmi sì lọ kírun. Ṣé o gbọ́, Sìdíkátù? Mo lọ kírun.”

Sìdíkátù ti jókòó sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ẹsẹ̀ àga. Sàlàkọ́ ń fi ife onírin lu ilẹ̀.

“Èrò ọkàn mi ni pé wọ́n á ní kí o lọ bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, pé wàá sunkún díẹ̀, n ó sì tù ọ́ nínú. Mi ò ronú kan ọmọ. Gbogbo ọdún tí o fi ń wá ọmọ, lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú mi, kò sọ sí mi lọ́kàn. Nọ́ọ̀sì jáde, ó ní, ‘Sìdíkátù Àmúsà, o ò lè lọ, o lóyún.’ Mo ń retí ẹkún. Ìwọ forí kanlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, o ní, ‘Mo ń lọ tọrọ, Ó ti gbé e pàdé mi lọ́nà.’ Bí o bá bínú ni, bóyá ǹ bá jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ayọ̀ rẹ ló dí mi lẹ́nu. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Àmúsà ọkọ rẹ ti fi ọkọ̀ ìjọba tó ń wà gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọdé wálé, àwọn ayálégbé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Bàbá Ọmọ, kí ẹ kúkú ra ilé-ìwé sílẹ̀ fún un. Ìwọ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń bá yín rẹ́rìn-ín.

“Kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo wá kúnlẹ̀ fún ọ, mo ní bí mo bá ti ṣẹ̀ ọ́. O ní, ‘Kí lẹ lè fi ṣẹ̀ mí? Mo foríjì yín láyé, mo foríjì yín lọ́run.’ Àforíjì yẹn ni mo fi ṣe ìrọ̀rí láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n omi tí a dà sórí ìkòkò tí a kò ṣí ìdérí rẹ̀, kò wọ inú ìkòkò. Mo yí Káábà ká, mo mu omi samsamu, ìkòkò mi gbẹ táútáú. Mo dé, mo tún purọ́ kejì, mo ní ní Mẹ́kà ni mo ti tọrọ oyún tèmi. Nígbà tí mo bí Àdíját, mo ní oṣù rẹ̀ kò pé. Títí di òní, Ọmọ Mẹ́kà ni wọ́n ń pè é.

“Èyí tó burú jù nìyí. O ti ń rí nǹkan oṣù rẹ, àwọn ìyá àgbà ní kí o fọkàn balẹ̀, wọ́n ní oyún mìíràn a máa rí ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó yá, ọsibítù ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n kó àwọn àgbà jọ, wọ́n ní o jẹ ọmọ mọ́ inú. Wọ́n pè mí. Wọ́n ní, ‘Hàbíbátù, ìwọ lẹ jọ lọ, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n rí oyún?’ Oyún ọ̀hún gan-an ń ta nínú mi bí mo ṣe jókòó síbẹ̀, mo fi ìborùn bò ó. Mo ní, ‘Ojú mi ni nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́. Ó lóyún. Èmi ò mọ ibi tó gbé e sí.’ Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, wọn ò bi mí. Èmi ni mo fi sí i, kí ọ̀rọ̀ lè tán lára mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé ọ padà sílé bàbá rẹ. Bí Àmúsà kò bá ní ìfẹ́ rẹ tó fi lọ mú ọ bọ̀, ibẹ̀ ni ò bá wà. Ọlọ́run tó ni ọmọ ti fún ọ ní Sàlàkọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé títí di àárọ̀ yìí, ìyá ọkọ rẹ kì í jẹ́ kí o dá wẹ ọmọ rẹ. Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe ara rẹ, kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe àyànmọ́. Foríjì mí.”

Níta, àwọn alábàárù ń já sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, wọ́n ń bú ara wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Hàbíbátù kò gbójú sókè. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé àyà rẹ̀ kò já. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn bá sọ igi ìdáná kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀nà jíjìn, tí ọrùn ń ro ó, tí ara sì ń tù ú.

Sìdíkátù bi í jẹ́jẹ́ pé, “Kò sí ọmọ kankan nígbà náà?”

“Kò sí.”

“Mi ò pa ẹnì kan?”

“O ò pa ẹnì kan.”

“Mo ti fún un lórúkọ,” ni Sìdíkátù wí. “Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń ṣàdúà fún un, kó má bínú sí mi. Ara mi ń sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan, mo ń pe ara mi ní òpùrọ́.”

Àdíját sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ẹnu rẹ̀ pọ́n fún ọsàn àgbálùmọ̀ tó ń jẹ. Ó rí Sìdíkátù, ó lọ gun orí itan rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ń wá bisikíìtì nínú àpò rẹ̀. Sìdíkátù wo ojú ọmọ náà títí.

“Ṣé òun ni wọ́n rí nínú ìgò mi?”

Hàbíbátù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rín mú Sìdíkátù. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, ó di ńlá, omijé ń dà níbẹ̀, Àdíját náà ń bá a rín in láìmọ ohun tí wọ́n ń rín. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ẹnu ọmọ, ó nu ojú ara rẹ̀.

Ó ní, “Inú bí mi o, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ má rò pé kò bí mi. Bó bá dé ilé, ó lè tún bí mi jù báyìí lọ. Ṣùgbọ́n ara mi fúyẹ́, mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò fúyẹ́. N ó lọ tọ̀ sí ìgò lọ́la. Èmi fúnra mi ni n ó dì í mú, kí ìrun dúró dè mí.”

“Àforíjì ńkọ́?” ni Hàbíbátù bi í, orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà.

Sìdíkátù gbé Sàlàkọ́ kọ́ ẹ̀yìn, ó ń so ọ̀já. Ó so ó tán, ó na ọwọ́ tó yá gágá sí Hàbíbátù, ó fà á dìde.

“Ìyá ọkọ mi wà nílé ní Ìdímù báyìí,” ló wí. “Ẹ wé gèlè yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ sọ ọ́ fún wọn.”