Ẹ̀rọ Géèmù Tí Mo Sọ Sínú Ṣáláńgá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Àgbà ni mí, ìwé tí mo kà ò pọ̀. Fẹ́mi ọmọ mi kú lọ́dún yìí. Ohun kan wà tí mo fi pa mọ́ fún un títí ó fi wọlẹ̀. Ẹnì kejì tí mo ṣẹ̀ ṣì wà láyé, ó sì ti ń wá kí mi. Ara mi ò gbà á mọ́.

Àdúgbò Oju Ore là ń gbé nígbà tí Fẹ́mi ṣì wà nílé ìwé, yàrá kan ṣoṣo. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ọṣẹ ní Sango. Sìfáwù aránṣọ ló wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa. Ọmọ rẹ̀ ni Múkáílà. Bí ẹ bá ti rí Fẹ́mi, ẹ ti rí Múkáílà nìyẹn.

Ọkọ mi ra ẹ̀rọ géèmù fún Fẹ́mi. Géèmù kan wà tí wọ́n fẹ́ràn jù, ti ọkùnrin kékeré kan tó ń fo kòtò kiri. Apá mẹ́ta ló ní. Wọn ò tíì parí ìkẹta.

Ìgbà yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù bí olú lọ́dọ̀ wa. Gbogbo ìyá ló fẹ́ kí ọmọ tòun náà wọlé. Fẹ́mi ṣe ìdánwò, ó fìdí rẹmi. Géèmù ni mo dá lẹ́bi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ilé pa rọ́rọ́, mo fa ẹ̀rọ náà yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo lọ sọ ọ́ sínú ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé.

Fẹ́mi wá a títí, ó sunkún. Ó ní, "Mọ́mì, Múkáílà nìkan ló mọ ibi tí mò ń gbé e sí." Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀.

Sístà Kíkẹ́, tó máa ń ṣáájú àdúrà nínú ilé wa, ní ká gbàdúrà kí àṣírí olè náà tú. Èmi ni mo ṣe àmín tó ròkè jù. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ibà dá Múkáílà dùbúlẹ̀. Ibà lásán ni, ẹ̀fọn pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ gbogbo ilé ní àdúrà ti mú un.

Sístà Kíkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo: "Sìfáwù, ní kí ọmọ ẹ jẹ́wọ́ kí ara ẹ̀ lè yá!"

Sìfáwù ní, "Ìwọ náà ṣe ibà lóṣù tó kọjá. Kí ni ìwọ jí?"

Mo gbọ́. Mò ń bó ẹ̀gúsí mi lọ.

Nígbà tí ara Múkáílà yá, wọ́n kó kúrò. Fẹ́mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Múkáílà wá. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ. Ó gbé ẹ̀rọ tuntun wá fún Ayọ̀bámi, ọmọbìnrin Fẹ́mi tó wà lọ́dọ̀ mi. Ó ní àwọn tó ni géèmù àtijọ́ yẹn ti tún apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe fún ẹ̀rọ ìgbàlódé. Àwòrán rẹ̀ ti mọ́ kedere, wọ́n ti tún orin rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo kòtò ṣì wà níbi tó wà.

Ayọ̀bámi ta géèmù náà díẹ̀, ọkùnrin kékeré inú rẹ̀ já sí kòtò. Múkáílà rẹ́rìn-ín. "Ibẹ̀ yẹn náà ni dádì ẹ máa ń kú sí." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló fọwọ́ bo ẹnu.

Ó yíjú sí mi. "Ẹ má bínú, Màmá. Ó kàn ń dùn mí pé ó lọ pẹ̀lú èrò pé èmi ni mo jí ẹ̀rọ ẹ̀. Mi ò jí i."

Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ọlọ́run mọ̀."

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbà mí gbọ́ nínú ilé yẹn."

Láti ọjọ́ náà, ó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí òun àti ọmọ náà lè jọ parí apá kẹta. Ó máa ń sọ ìtàn Fẹ́mi tí èmi ìyá rẹ̀ ò mọ̀. Ayọ̀bámi ti ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá jẹ́wọ́, ó lè má wá mọ́. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, olè ni mo fi í ṣe títí. Sìfáwù wà ní Adó-Odò, ó ti darúgbó. Òun náà ò mọ̀.

Fẹ́mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀, kò sì sí.

Lánàá, Ayọ̀bámi bi mí pé, "Màmá àgbà, ta ló wá jí i?" Mo ní kó lọ fọ abọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ó ṣì máa bi mí. Kí ni kí n sọ fún un?