Ògiri Tí Mo Rẹ́ fún Kérésì

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo ti ní ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ ohun kan wà nínú mi tí mi ò fẹ́ gbé wọ sàréè. Mo pàdé Ẹbùn lọ́jà Òkìtìpupa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohun tó bi mí ló jẹ́ kí n kọ̀wé.

Àyèká ni ilé wa. Àbúrò ọkọ mi, tí èmi pọ̀n dàgbà, wà ní yunifásítì nígbà náà. Akọ̀wé la ń pè é. Ó wá lo ìsinmi pẹ̀lú Ẹbùn, ọmọ Ìlàjẹ tó fẹ́ fi ṣaya. Ìṣirò ni Akọ̀wé ń kọ́, àmọ́ mi ò rí nọ́ńbà kankan nínú ohun tó ń ṣe. Èédú ló fi ya àwòrán méjì sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, àmì roboto tí ìlà olórí ọfà so pọ̀. Ọ̀kan kéré. Èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ògiri tán.

Ó ní ohun kan náà ni méjèèjì ń sọ, pé bí ọ̀kan bá parẹ́, èkejì á mú un padà. Ó tún ní ọfà tó bá ń lọ nínú ọ̀kan, ṣe ló ń bọ̀ nínú èkejì. Kò yé mi.

Mo ní, "Akọ̀wé, ṣé ìjà ni wọ́n ń bá ara wọn jà ni?"

"Rárá o, Ìyá Fúnmi. Ìbejì ni wọ́n."

Ẹbùn ní, "Orogún mi ni wọ́n. Lọ́jọ́ kan màá nù wọ́n dànù!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Kérésì wá ń bọ̀. Ìyàwó tí kò bá fi amọ̀ rẹ́ ògiri ṣáájú Kérésì, àwọn aya ilé á fi í kọrin. Akọ̀wé lọ sí Ìlútítun, mo ní kí Ẹbùn bá mi po amọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kó dé ná." Mi ò gbọ́. Mo rò pé ṣebí Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló ní bí ọ̀kan bá parẹ́, èkejì á mú un padà. Ẹbùn po amọ̀, èmi fúnra mi ni mo fi rẹ́ àwòrán ńlá, mo fi kékeré sílẹ̀.

Nígbà tí Akọ̀wé dé, ó káwọ́ lérí. Ó ti fi osùn fa ìlà pupa sára ńlá, láti fi bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí padà hàn. Kékeré ò tí ì ní tirẹ̀. Bí yóò ṣe fún kékeré ní ìlà pupa tirẹ̀ ló ń wá látìgbà tó ti wá lo ìsinmi.

"Ti èédú, mo lè tún un fà. Pupa ńkọ́? Níbo ni n óò ti rí i?"

Èmi ti fọwọ́. Amọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Ẹbùn. Ọkọ mi kọjú sí i: "Ṣebí ìwọ lo ní o máa nu orogún rẹ?"

Ẹbùn wò mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní, "Apá ẹnu ọ̀nà ni mo ní kó rẹ́." Irọ́ ni. Kò já mi nírọ́, torí mo jẹ́ àgbà. Ẹbùn padà sílé wọn létí odò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Akọ̀wé ò sìn ín dé títì. Títí dòní, Akọ̀wé ò fẹ́ ẹlòmíràn.

Lọ́jà, Ẹbùn kúnlẹ̀ kí mi. Ó fi ẹja yíyan kún ọjà tí mo rà. Ó ní, "Ìyá, ṣé Akọ̀wé padà rí ìlà pupa yẹn?"

Akọ̀wé ń bọ̀ wálé lọ́dún Àjíǹde. Kékeré ṣì wà lára ògiri. Mi ò jẹ́ kí amọ̀ kan ibẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà dà rú mọ́ mi lójú. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún un, kí ló máa padà láàárín òun àti Ẹbùn? Àbí èédú nìkan ni, tí pupa á ti lọ pátápátá? Ẹ jọ̀ọ́, nínú àwọn méjèèjì, ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún?