Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Mo Ti Ilẹ̀kùn Yẹn

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má tíì pè mí ní Alhaji. Oṣù tó kọjá ni mo ti Mẹ́kà dé, ẹ sì ti ra fìlà fún mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ fìlà yẹn tó ní ẹ̀jẹ̀ lára. Mo kọ ọ́ sórí ìwé nítorí pé ẹ mọ̀ mí. Èmi Hameed Àkànmú, bí mo bá dìde sọ̀rọ̀ láìsí ìwé lọ́wọ́, kí n tó sọ gbólóhùn mẹ́ta ẹ ó ti di ìhà mú. Mi ò fẹ́ ẹ̀rín lónìí. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín ti bá mi bò ó mọ́lẹ̀ nìyẹn. Gbogbo yín lẹ mọ Jordan, òyìnbó ọ̀rẹ́ mi tó jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ìka mẹ́ta ló kù ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Ohun tí Akin tó wa bọ́ọ̀sì wa sọ fún yín, tí èmi náà mi orí sí, ni pé ẹ̀fúùfù ló ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Rosenberg. Irọ́ ni. Èmi ni ẹ̀fúùfù yẹn.

Westchase, ní Houston níbí, ni mo ti pàdé wọn, Jordan àti Olivia tó ń lu ìlù. Ará England ni àwọn méjèèjì, iṣẹ́ ọ́fíìsì epo ló gbé wọn dé Houston. Tí wọ́n bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọn a gbé gìtá, wọn a máa kọrin kiri ilé ọtí. Kò sí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kankan tó yà sọ́dọ̀ wọn, kò sì jọ pé ó dùn wọ́n. Nínú ooru Houston tó lè din ẹyin lórí ọ̀dà títì, aṣọ òjò ni wọ́n ń wọ̀ kọrin, wọn a sì gbé kẹ́tùlù kan síwájú ìlù. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí kẹ́tùlù yẹn, mo béèrè látorí ìjókòó mi bóyá wọ́n fẹ́ ṣe àlùwàlá ni. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Jordan ní kí n máa bọ̀ lórí ìtàgé. Bí mo ṣe di ẹni tó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín láàárín orin kan sí èkejì nìyẹn. Omi ọsàn ni mò ń mu níbẹ̀ o, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni Jordan. Ọwọ́ òsì ló fi ń ta gìtá, òun ló fi ń jẹun, òun ló fi ń kọ̀wé. Ní ọ̀sán Àìkú kan, ọ̀mùtí kan tí mo fi irun orí rẹ̀ ṣàwàdà ju ìgò mọ́ mi. Jordan na ọwọ́ òsì yẹn síwájú ojú mi. Ìgò fọ́ sí i lọ́wọ́, ó ya á láti ọrùn ọwọ́ dé àtẹ́lẹwọ́. Mo fò mọ́ ọ̀mùtí náà, mo fi orí kàn án nímú títí eegun fi ró, Olivia sì ń fi igi ìlù lu ọ̀rẹ́ ọ̀mùtí náà lágbárí. Nígbà tí wọ́n lé wọn jáde tán, Jordan padà kọ orin mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lórí okùn gìtá. Ó ní, "Hameed, tí ìgò yẹn bá fọ́ ojú ẹ, ta ni yóò máa bú mi?" Ẹ fi ọwọ́ yẹn sọ́kàn.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Ọlámilékan ọmọ wa jáde ìwé, a sì kóra jọ ní pápá kan ní Rosenberg, ìlú kékeré lẹ́yìn Houston. Òyìnbó méjèèjì kọrin, ẹ pàtẹ́wọ́. Mò ń wá ojúure Alhaji Zakariyya nígbà náà nítorí Balqees ọmọ wọn. Jordan mọ̀, ó wá fẹ́ ṣe mí lóore. Ó bu ẹran sínú àwo, ó gbé e lọ bá Alhaji níbi tí wọ́n jókòó sí, ó rẹ́rìn-ín, ó na àwo sí wọn. Ọwọ́ òsì. Alhaji wo àwo, wọ́n wo ọwọ́, wọ́n wá wo èmi. Wọ́n ní, "Hameed, ìwọ tí o ò lè kọ́ ọ̀rẹ́ ẹ ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń fún àgbà ní nǹkan, ọmọ mi lo fẹ́ wá mú lọ sílé?" Mo ní, "Ẹ má bínú sà, òyìnbó ni." Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́, òyìnbó nìwọ náà?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Balqees náà rẹ́rìn-ín, mo rí eyín rẹ̀. Èmi tí mò ń fi ẹ̀rín jẹun, ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rín jẹ mí.

Nígbà tí à ń kó ẹrù sínú bọ́ọ̀sì, Akin tó ń wà wá ti jókòó síwájú. Mo ní, "Jordan, kí ló dé tó o fi ọwọ́ òsì gbé oúnjẹ fún àgbàlagbà?" Ó ní, "Ọwọ́ mi nìyẹn. Èkejì ò mọ nǹkan kan ṣe." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ náà di etí ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì mú. Mo fa ilẹ̀kùn tì. Ti àkọ́kọ́ yẹn, ìbínú ni, mi ò rí ọwọ́ rẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Irin lu eegun, ilẹ̀kùn ta padà. Jordan ń wo ìka rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, kò tíì rántí láti fà á kúrò. Mo wá rí ọwọ́ náà wàyí. Mo rí àpá ìgò lára rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ojú mi ló gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìgò yẹn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo dúró. Bí mo ṣe máa ń dúró lórí ìtàgé kí n tó jẹ́ kí àwàdà já, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe dúró. Mo wá fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú, mo fẹsẹ̀ tilẹ̀, mo sì tì í lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú gbogbo agbára tó yẹ kí n fi máa kírun. Ó ró bí ìgbà tí alápatà bá ń fọ́ eegun màlúù. Ìka méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ń rọ̀ dirodiro lórí awọ. Ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lẹ́nu. Mo mọ bó ṣe rí lẹ́nu dòní.

Akin bọ́ sílẹ̀. Ó ti rí i nínú dígí ọkọ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bros, I no see anything." Kí n tó dáhùn, ó ti ń ké sí yín pé, "Ẹ̀fúùfù ni o, ẹ̀fúùfù ló tì í." Mo gbé Jordan mọ́ra, mo sunkún. Mo mọ ẹkún sun, ìtàgé ló kọ́ mi. Wọ́n gé ìka méjèèjì. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọsibítù. Alhaji wá kí i, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ, wọ́n ní, "Ẹni tó lè tọ́jú ọ̀rẹ́ báyìí, yóò tọ́jú aya." Kí ọdún tó yí po, Balqees ti wọlé mi. Ọwọ́ tí mo fọ́ ni mo fi fẹ́ ìyàwó. Olivia padà sí England, Jordan ò sì ta gìtá mọ́.

Lóṣù tó kọjá, níbi tí ẹ ti kí mi káàbọ̀, Jordan gbé àwo èso dàbínù wá. Ó tẹ̀ ba, ó na àwo sí Alhaji. Ọwọ́ ọ̀tún. Alhaji ní, "Ẹ wò ó, òyìnbó wa ti gbẹ̀kọ́." Ẹ tún pàtẹ́wọ́. Mo ti ju òkúta lu Ṣàítánì lọ́hùn-ún, kò sí èyí tó bà á bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bà mí. Aáfà sì ti sọ ọ́ fún wa kí a tó gbéra: Hajj a máa fọ ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì tí a bá jẹ, ọwọ́ ẹni tó ni ín ni ìdáríjì rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí apartment Jordan, mo mú òòlù dání. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́, mo tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi sórí tábìlì, mo ní kó fọ́ ọ. Ó ní, "Gbé òòlù ẹ kúrò, tábìlì onílé ni." Ó gba òòlù náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Olórin ni mí, mo máa ń ka ìlù orin. Láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì, mẹ́rin ni mo kà. Ẹ̀fúùfù kì í ka mẹ́rin." Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ìwọ ni ọ̀rẹ́ tí mo ní nílùú yìí. Mò ń retí kó o sọ ọ́ fúnra ẹ." Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Kọ́kọ́ lọ sọ fún àwọn tó ń yìn mí nítorí ọwọ́ ọ̀tún."

Mo ti sọ fún yín. Alhaji, irọ́ ni mo fi gba ọmọ lọ́wọ́ yín, ohun tí ẹ bá sọ ni mo gbà. Balqees, dákun, má tíì dìde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Kò sí ẹni tí ẹ̀rín gé níka. Bí mo bá ka ibí yìí tán, màá rìn lọ bá Jordan nídìí ẹ̀rọ omi, màá bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo yín. Mi ò mọ̀ bóyá yóò nawọ́ sí mi. Tó bá na ọ̀tún, mi ò ní gbà á. Òsì ni mò ń tọrọ, òsì oníka mẹ́ta yẹn, níwájú àgbà, màá sì kúnlẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.