Ẹ́síì Tó Ju Yàrá Ìyá Mi Lọ

Oṣù kejì rèé tí ìyàwó mi ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Addo, òun àti Tómi, ọmọ wa. Kò bá mi jà, kò bú mi. Ẹnu èmi gan-an ló lé e jáde. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ta ni kí n wá fẹjọ́ ara mi sùn?

Ẹja ni ìyá mi ń yan tà ní abúlé wa létí ọ̀sà. Nígbà tí orúnkún wọn kò gbé wọn mọ́, mo mú wọn wá sílé wa ní Ajah, mo fún wọn ní yàrá kékeré ẹ̀yìn. Mo ní ẹni tó ti jìyà ooru iná tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sùn nínú ẹ́síì, ẹ̀rọ amúlétutù. Bàbá Ṣọlá, tó máa ń bá wa tún ẹ́síì ṣe, fi téèpù wọn yàrá náà, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ́síì alágbára họ́ọ̀sì kan ti tó. Èyí tó bá ju yàrá lọ, kíá ló máa mú yàrá tutù, á sì kú fúnra rẹ̀. Kò ní ráyè fa ọ̀rinrin jáde, bẹ́ẹ̀ omi ò jìnnà sí wa níbí."

Mo rẹ́rìn-ín. Họ́ọ̀sì méjì ni aládùúgbò mi fi sí yàrá tirẹ̀; ṣé ìyá tèmi ló máa wá lo kékeré? Mo ní kí wọ́n gbé họ́ọ̀sì méjì wá. Ìyàwó mi wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kò gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn. Àṣejù, baba àṣetẹ́! Kò pẹ́ tí ògiri fi ń làágùn, ebu dúdú hù sí i, aṣọ ìyá mi ń rùn. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí wọn ò lè mí dáadáa. Dókítà ní ebu náà ló fà á. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo dojú kọ ìyàwó mi níwájú ìyá mi: "Ká ní ìyá tìẹ ni, ṣé wàá jẹ́ kí yàrá wọn dọ̀tí báyìí?" Obìnrin tó ń fi ọṣẹ nu ògiri yẹn láràárọ̀! Ìyá mi ní, "Má fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ o." Mi ò gbọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, ìyàwó mi kẹ́rù, ìyá mi náà sì ní kí n dá àwọn padà sábúlé.

Ìgbà yẹn ni mo tó pe Bàbá Ṣọlá. Wọ́n tan ẹ́síì, a jọ ń wò ó. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ó kú. Ó tún tan, ó tún kú. Wọ́n kàn ní, "Mo sọ fún yín, ọ̀gá." A ti fi họ́ọ̀sì kan rọ́pò rẹ̀, ògiri sì ti gbẹ. Ìyá mi ò wúkọ́ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní padà wá àfi bí ìyàwó mi bá padà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kàn bẹ̀ ẹ́, kí n má dárúkọ ìkìlọ̀ kankan, kí ojú má bàa tì mí nílé ara mi. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Àfi bí ìyàwó mi ṣe pè mí lánàá láti béèrè àlàáfíà ìyá mi, tó wá rẹ ohùn sílẹ̀, tó ní, "Dádì Tómi, ẹ má bínú. Bóyá lóòótọ́ ni mi ò nu ògiri yẹn dáadáa." Mo pa fóònù. Ẹ̀yin èèyàn mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ là á yé e?